Kíláàsì Pásítà àti Kọkitéèlì ní Ítálì: Bologna ni, Florence ni, àbí Róòmù?

Ẹni tó bá ń múra ìrìn àjò lọ sí Ítálì lásìkò yìí kò ní ṣàì rí ìpolówó kíláàsì pásítà àti kọkitéèlì: wákàtí mẹ́ta, ẹ ó po pásítà fúnra yín, ẹ ó po kọkitéèlì fúnra yín, ẹ ó sì jókòó jẹ ohun tí ẹ sè. Ohun tó dáa ni. Mi ò mọ ọ̀nà tí àlejò fi lè tètè wọ inú ìlú náà ju pé kó dúró ti ẹni tó ń dáná, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn kíláàsì yìí ti pọ̀ jù. Àwòrán wọn jọra, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọra, èèyàn sì lè san iye owó kan náà ní ìlú méjì kó gba ohun tó yàtọ̀ síra pátápátá.

Kí n tètè sọ èrò mi. Tó bá jẹ́ pé pásítà ló ká yín lára, Bologna ni kí ẹ lọ, kí ẹ wá ọtí yín lọ síbòmíràn lálẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ méjèèjì kó rí bákan náà, Florence ni. Róòmù wà fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin, márùn-ún tó fẹ́ fi alẹ́ kan gbádùn ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ̀yin ń wá yàtọ̀ sí tèmi.

Ìṣẹ́jú 30 tó ń tú àṣírí kíláàsì

Pásítà tútù oríṣi méjì ló wà. Ní àríwá, pàápàá ní agbègbè Emilia-Romagna tí Bologna jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ẹyin ni wọ́n fi ń pò ó: ẹyin kan sí 100 gíráàmù fúláwà, èyí tó kúnná gan-an tí wọ́n kọ "00" sí lára àpò rẹ̀. Ní gúúsù, omi lásán ni, kò sí ẹyin níbẹ̀. Fúláwà ti gúúsù ni semola, tí wọ́n lọ̀ láti ara àlìkámà líle; ó pọ́n díẹ̀, ó sì rí hóró-hóró lọ́wọ́, ẹni tó bá ń ro sẹ̀mó nílé á tètè dá a mọ̀.

Ẹ wo bí ti ẹyin ṣe ń lọ. Ẹ ó da fúláwà sórí pákó, ẹ ó la ihò sí àárín rẹ̀, ẹ ó fọ́ ẹyin sínú ihò náà. Fọ́ọ̀kì ni ẹ ó kọ́kọ́ fi lu ẹyin, tí ẹ ó máa fa fúláwà etí ihò wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ògiri rẹ̀ má baà wó kí ẹyin sì ṣàn dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ á wá gba iṣẹ́: ẹ ó tì í síwájú, ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó yí i, ẹ ó tún tì í. Níbẹ̀rẹ̀, á máa ya, á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara rẹ̀ á ti jọ̀lọ̀, tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rọra wú padà. Nígbà náà ni wọ́n á bò ó, tí wọ́n á jẹ́ kó sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gluten wà nínú àlìkámà. Pípò ló mú un le dan-indan-in, tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ́ ẹ ní kíákíá, ńṣe ni á máa sún kì padà bí ẹ ṣe ń nà án. Ìsinmi ló ń tú u lára.

Ìṣẹ́jú 30 yìí gan-an ni ibi tí kọkitéèlì ti wúlò. Kò sí ohun tí ọwọ́ ń ṣe lásìkò yẹn. Kíláàsì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kó yín lọ sídìí tábìlì ọtí nígbà tí ìṣù fúláwà tí ẹ̀yin fúnra yín pò ń sinmi, ẹ ó kọ́ ọtí kan tàbí méjì, ẹ ó sì padà wá tẹ́ pásítà. Kíláàsì tí kò bá mọ̀ ọ́n á ti po fúláwà sílẹ̀ kí ẹ tó dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí fún yín láti ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ tó sì kù fún yín kò ju kí ẹ yí ọwọ́ ẹ̀rọ kí ẹ sì ya fọ́tò. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí wọn: "Fúláwà tí a máa jẹ, ṣé àwa la máa pò ó, kí la sì máa ṣe nígbà tó bá ń sinmi?" Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín á sọ púpọ̀ ju ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn èèyàn fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bologna: ibi tí pásítà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá

Ní Bologna, wọn kì í fi pásítà ṣeré. Obìnrin tó fi pásítà títẹ́ ṣe iṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀, sfoglina, igi gígùn tó fi ń tẹ́ ẹ ń jẹ́ mattarello, pásítà tó sì ti tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ẹ fi lè rí òjìji ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ́ sfoglia. Lọ́dún 1972, wọ́n kọ ìwọ̀n tagliatelle (pásítà tí wọ́n gé gbọọrọ) sílẹ̀ sọ́dọ̀ Ilé Ìṣòwò ìlú náà: tó bá ti jinná, fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 8. Lọ́dún 1974, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń rọ sínú tortellini (pásítà kéékèèké tí wọ́n ń ká), lọ́dún 1982 wọ́n ṣe é fún ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n ń pè ní ragù. Ìlú tó bá ṣe irú èyí kò ní gbà kí olùkọ́ kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Èyí ló fà á tí mo fi fi Bologna ṣáájú fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Igi ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá fi igi kọ́ ọ lè ṣe é ní ilé ìdáná èyíkéyìí, ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, láìra nǹkan kan ju igi kan àti pákó fífẹ̀ lọ. Ẹ tún lè bá wọn lọ sí ọjà Quadrilatero láàárọ̀, àwọn òpópónà tóóró ẹ̀yìn gbàgede ńlá ìlú náà, níbi tí ìtẹ́ ẹja, ẹ̀fọ́ àti wàràkàṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn.

Ti ọtí ni Bologna kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Wáìnì ni wọ́n sábà máa ń gbé sílẹ̀ nínú kíláàsì, kì í ṣe kọkitéèlì. Bí ẹ bá rí èyí tó pa méjèèjì pọ̀, ẹ wò ó dáadáa bóyá àlejò ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ kọ́ pásítà yín láàárọ̀, kí ẹ wá lọ sí Via del Pratello lálẹ́, ilé ọtí tò síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má sì lọ ní àárín oṣù kẹjọ. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú á sì ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ sí etíkun nítorí àjọ̀dún ọjọ́ 15 oṣù náà.

Florence: ìlú Negroni

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Florence ni pé ní nǹkan bí ọdún 1919, ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Camillo Negroni wọ ilé ọtí Casoni, ó sì ní kí ẹni tó ń po ọtí níbẹ̀, Fosco Scarselli, bá òun mú kí Americano òun le sí i. Americano ni Campari (ọtí pupa kíkorò), vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí) àti omi sódà. Scarselli yọ omi sódà, ó fi gin rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ègé ọsàn sí i dípò lẹ́mọ́ọ̀nù. Negroni tí gbogbo ayé wá ń béèrè lónìí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Negroni dùn mọ́ mi, torí ó rọrùn débi pé àṣìṣe kò ní ibi tó máa sá pamọ́ sí. Gíláàsì kúkúrú, yìnyín ńláńlá, milílítà 30 gin, 30 Campari, 30 vermouth pupa. Ṣíbí ọlọ́rùn gígùn ni wọ́n fi ń rò ó yíká inú gíláàsì, wéréwéré, láìpariwo. Wọn kì í mì í, torí mímì á mú kó ṣókùnkùn, omi á sì pọ̀ nínú rẹ̀. Yìnyín kéékèèké máa ń yọ́ kíákíá, á ba a jẹ́. Tí ẹ bá ti rò ó tán, ẹ fi ègé ọsàn sí i. Bí olùkọ́ bá fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti lóye ìdí tí yìnyín fi gbọ́dọ̀ tóbi, ẹ ti rí nǹkan mú lọ sílé.

Pásítà Florence náà kò kéré. Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá ravioli tí wọ́n rọ ricotta (wàràkàṣì rírọ̀) àti ẹ̀fọ́ tútù sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń kọ́ni ní pici ti agbègbè Siena, tó jẹ́ fúláwà àti omi, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí lórí pákó títí á fi gùn bí okùn. Bí ẹ bá ń mú ọmọ dání, pici ni kí ẹ wá. Ọwọ́ ọmọdé mọ̀ ọ́n yí. Kíláàsì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Sant'Ambrogio tàbí Mercato Centrale, ilé ọjà onírin àti gíláàsì tí wọ́n ṣí lọ́dún 1874, tọ́ sí àfikún owó tí wọ́n ń gbà lé e.

Nínú gbogbo ìlú tí mo ń fi wéra, Florence nìkan ni pásítà àti ọtí tí wọ́n ń kọ́ yín ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà. Ohun tó mú mi yàn án nìyẹn.

Róòmù: ó súnmọ́ni, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹ la ojú

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló ń balẹ̀ sí Róòmù, kíláàsì sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, ní Trastevere àti ní ẹ̀gbẹ́ Piazza Navona. Ẹ lè pinnu lónìí, kí ẹ lọ lọ́la. Fettuccine ẹlẹ́yin ni wọ́n sábà máa ń kọ́, wọ́n á sì fi ọ̀kan nínú ọbẹ̀ ìlú náà sí i: carbonara (ẹyin àti wàràkàṣì), cacio e pepe (wàràkàṣì àti ata) tàbí amatriciana (tòmátò àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀).

Ọbẹ̀ yẹn gan-an ni mo máa lọ kọ́ ní Róòmù, ju pásítà lọ. Nínú carbonara, ẹyin kò gbọ́dọ̀ rí iná. Wọ́n á gbé páànù kúrò lórí iná, wọ́n á da pásítà gbígbóná sí ọ̀rá guanciale (ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí) tó ti yọ́, wọ́n á wá da pupa ẹyin tí wọ́n ti pò mọ́ pecorino (wàràkàṣì àgùntàn) sí i, pẹ̀lú omi díẹ̀ tí wọ́n fi bọ pásítà náà. Omi yẹn ti gba sítáàṣì, òun ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá kánjú á rí ẹyin dídín. Ẹ lè ka èyí nígbà mẹ́wàá, kó má yé yín tó ìgbà kan tí ẹ rí i tó ṣẹlẹ̀ níwájú yín.

Ọtí tí wọ́n ń kọ́ ní Róòmù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ spritz nígbà gbogbo. Spritz dáa, àmọ́ kì í ṣe ọmọ Róòmù. Agbègbè Veneto ló ti wá, ìlú Padua sì ni wọ́n ti gbé Aperol, ọtí kíkorò aláwọ̀ ọsàn, jáde lọ́dún 1919. Prosecco (wáìnì tó ń hó) apá mẹ́ta, Aperol apá méjì, omi sódà apá kan, yìnyín, ègé ọsàn, ó tán. Ìṣẹ́jú méjì ló ń gbà. Nígbà tí kíláàsì bá pe ara rẹ̀ ní kíláàsì kọkitéèlì, tó sì jẹ́ spritz nìkan ló wà níbẹ̀, mímu ni ẹ sanwó fún, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ohun tó tún yẹ kí ẹ kíyè sí ní Róòmù ni iye èèyàn tó wà nídìí tábìlì kan. Wọ́n lè tó ogún. Tí èèyàn bá ti ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ sí olùkọ́ kan, kò sẹ́ni tó máa wo ìṣù fúláwà yín kó sọ pé ó kù díẹ̀.

Àwọn ìlú yòókù, ní ṣókí

Venice ni kí ẹni tí ọtí ká lára lọ: ibẹ̀ ni spritz ti wà nílé, ibẹ̀ náà ni Giuseppe Cipriani ti po Bellini ní Harry's Bar, prosecco àti píìṣì funfun tí wọ́n lọ̀. Ní Milan, Campari ni ọba, ilé ọtí Bar Basso ló sì fún wa ní Negroni Sbagliato, tí prosecco gba ipò gin nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ni wọ́n mọ̀ sè jù ní Milan, kì í ṣe pásítà, torí náà mi ò ní torí kíláàsì pásítà dúró síbẹ̀.

Bari, ní gúúsù, yẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní àdúgbò àtijọ́, lábẹ́ Arco Basso, àwọn ìyá àgbà máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n á máa gé semola tí wọ́n ti pò, wọ́n á fi ẹnu ọ̀bẹ fà á, wọ́n á fi àtàǹpàkò yí i padà, ó di orecchiette. Kò sí kọkitéèlì kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ ni láti rí iṣẹ́ ọwọ́ ní ojúlé àwọn tó ni ín, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ilé ìdáná ta ni?

Láàárín ìlú kan náà, ilé ẹni, ilé ẹ̀kọ́ àti oko kò jọra. Ní ilé ẹni, ẹ ó jókòó sídìí tábìlì tí ìdílé náà ti ń jẹun, èèyàn kì í pọ̀, ẹ sì lè bi wọ́n ní ìbéèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹgbẹ́ Cesarine, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bologna lọ́dún 2004, ní àwọn tó ń gbàlejò nílé báyìí káàkiri Ítálì. Kò ní jẹ́ owó kékeré, ó sì ṣeé ṣe kí onílé má mọ nǹkan kan nípa Negroni. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí onílé ní "Buonasera" kí ẹ tó wọlé, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ ìkíni ṣe pàtàkì sí wọn bó ṣe ṣe pàtàkì sí wa.

Ilé ẹ̀kọ́ ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ ọtí mọ́ ọn, torí wọ́n á ti wá ẹni tó mọ ọtí pò lọ́tọ̀, ẹni tó mọ pásítà lọ́tọ̀. Oko, ní Chianti nítòsí Florence fún àpẹẹrẹ, rẹwà, ó máa ń gba odindi ọjọ́, ẹ sì nílò ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ, tó máa gbé yín bọ̀. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lọ fúnra yín.

Mo sọ ìyẹn nítorí ìṣirò kan tí àwọn èèyàn kì í ṣe. Campari tí wọ́n ń tà ní Ítálì, ìdá 25 nínú 100 rẹ̀ ni ọtí líle. Aperol, ìdá 11. Gin, nǹkan bí ìdá 40. Tí ẹ bá kó wọn pọ̀, ọtí líle inú Negroni kan tó nǹkan bí milílítà 24, ti spritz onímilílítà 90 prosecco àti 60 Aperol kò sì ju nǹkan bí 16 sí 17 lọ. Negroni kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó spritz kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ikùn yín ṣófo nígbà tí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́. Kíláàsì tó bá ń ṣèlérí "ọtí àmutẹ́rùn" kò fẹ́ràn pásítà yín. Mo fara mọ́ èyí tó bá fún yín ní méjì, tó sì gbé búrẹ́dì àti ólífì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ kì í bá mu ọtí, tàbí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Èyí kan ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì yẹ kó dí yín lọ́wọ́. Ítálì ní ohun mímu kíkorò tí kò ní ọtí nínú, tí àwọn fúnra wọn máa ń mu kí oúnjẹ tó dé: Crodino, tó ní àwọ̀ bíi ti ọsàn, àti Sanbittèr pupa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi wọ́n po ohun tó kún ojú tó sì kún ẹnu. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí wọ́n rà á sílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀, kí wọ́n má baà fún yín ní omi ọsàn inú páálí.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Guanciale tó wà nínú carbonara àti amatriciana, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Tortellini Bologna kún fún un: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, prosciutto, mortadella. Ragù wọn náà, pancetta (ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀) wà nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù ni wọ́n dárúkọ. Ẹ yan cacio e pepe, ravioli ricotta, tàbí tagliatelle pẹ̀lú tòmátò. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra gidi fún ohun tí kì í ṣe halal yẹ kó tún mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń mú wàrà pecorino romano dì, inú ikùn ọ̀dọ́ àgùntàn ni wọ́n ti ń mú un. Orecchiette Bari, omi àti semola lásán, ni kò ní wàhálà kankan nínú.

Bí mo ṣe máa ṣètò rẹ̀

Florence ni mo máa sùn sí. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá láti ibẹ̀ dé Bologna kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ, nítorí náà, mo lè lọ kọ́ tagliatelle láàárọ̀, kí n padà wá kọ́ Negroni lálẹ́ ọjọ́ kejì nínú kíláàsì kékeré tí olùkọ́ rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè ìṣẹ́jú 30 yẹn dáadáa. Láti Róòmù dé Florence, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Owó kíláàsì kan sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí €50 fún ẹgbẹ́ ńlá, ó sì lè kọjá €100 fún ilé ẹni tàbí oko. Ẹ wò ó bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n lè dá owó padà tí ètò bá yí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ra prosciutto tàbí wàràkàṣì dání lọ sílé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Bìrìtìkó ti fòfin de arìnrìn-àjò tó bá kó ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti Yúróòpù, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín. Mattarello ni kí ẹ rà, pẹ̀lú àpò semola kan. Igi náà gùn ju báàgì ọwọ́ lọ, ẹ fi sínú ẹrù ńlá, kí ẹ fi aṣọ wé e.